Igbá márùn-ún fún àwọn ará yàrá òkun: ibi tí mo bá a dé

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá di Sátidé, màá gbé àpótí ìjókòó síta níwájú ilé wa l'Ọ̀yọ́, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín igbá. Ìtòsí ọjà Akẹ̀sán ni Bàbá tó ń kọ́ mi wà, ọdún kẹta sì rèé tí mo ti ń lọ jókòó tì wọ́n. Igbá márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, kò sì sí èyí tó máa dúró sílé nínú wọn. Àbúrò mi ọkùnrin ló bẹ̀ mí sí i. Ó ń ṣe ìwádìí ní yàrá kan létí òkun n'Ílùú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àwọn ẹran òkun tí kò léegun ẹ̀yìn: akàn, ìràwọ̀ òkun, ọ̀kítópọ́ọ̀sì, àtàwọn mìíràn tí a ò lórúkọ fún nílé wa. Oṣù Kejìlá ló ń bọ̀ wá kí wa. Bó bá ń padà, ó fẹ́ fún àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní igbá kọ̀ọ̀kan, kí igbá oníkálukú sì gbé ẹran tí olúwarẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ

Igbá méje ni mo rà, bóyá ọ̀kan á sán. Mo fi èékánná kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó, èyí tí ohùn rẹ̀ kò bá dá ṣáká, mo dá a padà. Híhọ èèpo wọn gbà mí ní Sátidé méjì gbáko.

Ìparí oṣù Kẹjọ: ọ̀kítópọ́ọ̀sì

Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ torí pé apá mẹ́jọ ló ní. Mẹ́jọ rọrùn fún wa. Ká òwú yí igbá po, gé e, ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, ó di méjì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó di mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di mẹ́jọ. Kò ní rúlà nínú.

Ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà ni obìnrin tó ń tọ́jú ọ̀kítópọ́ọ̀sì níbẹ̀. Àbúrò mi ní kì í wọlé láàárọ̀ kó má kọ́kọ́ yà kí i. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi àgbá omi rẹ̀ sílẹ̀ láìdé ìdérí rẹ̀ pinpin, ẹni tó bá sì fi ìpara pa ọwọ́ kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ náà bọ omi. Ọkàn mẹ́ta ni ẹran yìí ní. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà bí aró, nítorí pé bàbà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ níbi tí irin wà nínú tiwa. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo lọ bu aró ẹlú, mo fi pa gbogbo ojú ilà tí mo fín. Ó gbà á dáadáa. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, obìnrin náà sì ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìlà méjì-méjì ni àwọn ẹnu kéékèèké tó fi ń lẹ̀ mọ́ nǹkan wà lára apá kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ni mo fín. Àyè ṣẹ́ kù, mo fi ìkejì sí i.

Oṣù Kẹsàn-án: òòrẹ̀ òkun

Sea urchin ni wọ́n ń pè é. Òòrẹ̀ òkun lèmi ń pè é, torí ẹ̀gún ló bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹran ọ̀gá wọn obìnrin nìyí, igbá tí mo sì fi fún un ló tóbi jù, ó ní ọmọrí. Mo fọkàn sí i gan-an. Mo pín ojú ọmọrí náà sí mẹ́fà, mo fín ọ̀nà sí ìdá kọ̀ọ̀kan, Sátidé mẹ́ta ló gbà. Nígbà tí àbúrò mi rí fọ́tò, ohùn ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ṣé ẹ ti fín in tán? Márùn-ún ni o, kì í ṣe mẹ́fà. Eyín rẹ̀ gan-an, márùn-ún ni. Bí ọ̀gá wa bá rí mẹ́fà, wọn ò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n á kà á."

Wọ́n á kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo gbé igbá náà tọ Bàbá lọ. Wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n yìn mí fún ọwọ́ tí mo fi fín in, wọ́n wá ní kí n lọ fi bu gaàrí, kí n mú òmíràn. Mélòó ni okùn máa ń fún mi? Méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ. Márùn-ún kì í jáde látinú ṣíṣẹ́ òwú bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kí n ká òwú yí etí igbá tuntun náà, kí n tẹ́ ẹ sórí rúlà. Ó jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà. Ìdá kọ̀ọ̀kan, 16. Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí òwú, mo dá a padà sétí igbá, mo sì fa ilà láti àmì kọ̀ọ̀kan wọ àárín. Ìdá tó kẹ́yìn fi bí ìbú ọkà kan ju àwọn yòókù lọ. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un ṣe.

Mo wá bi àbúrò mi bí ẹran kan ṣe ń di márùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè tí ọ̀gá àwọn náà ń bi ara wọn nìyẹn. Ó wá sọ alẹ́ ẹyin fún mi.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gba ẹyin òòrẹ̀ òkun, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Ti akọ funfun bí omi ògì. Wọ́n á po wọ́n pọ̀ nínú omi òkun, wọ́n á wá tò síwájú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ọ̀gá àti ẹni tó ń gbálẹ̀, ìlà kan náà ni. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, awọ fẹ́lẹ́ kan á gbéra kúrò lára ẹyin, á yí i ká. Lẹ́yìn ìyẹn wọn á jókòó de wákàtí kan, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ké pé ó ti pín! Ẹyin kan di méjì. Méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ.

Mo ní kó tún un sọ. Bí òwú mi ṣe ń pín gan-an nìyẹn. Ọmọ tó bá jáde látinú ẹyin náà á máa wẹ̀ kiri fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ á bára mu bíi tiwa, títí ara tuntun á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù níkùn rẹ̀ lápá òsì. Ara tuntun yẹn ló ń jẹ́ márùn-ún.

Nítorí náà mo yí iṣẹ́ náà padà. Ara igbá nísàlẹ̀, ẹyin ni mo fín sí i, kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, wọ́n tò yípo. Ọmọrí ló gbé márùn-ún. Ẹni tó bá dé e, á rí òòrẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i, á rí ibi tó ti wá. Kò tíì sí iṣẹ́ tí mo ṣe tí mo fẹ́ràn tó báyìí.

Oṣù Kẹwàá: méjì ní kíákíá

Squid fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣèwádìí nípa iṣan ìmọ̀lára. Apá mẹ́jọ àti ọwọ́ gígùn méjì. Iṣan ńlá kan wà lára ẹran yìí tó lè nípọn tó mìlímítà kan, òun ni Hodgkin àti Huxley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì n'Ílùú Ọba, ki wáyà bọ̀ nínú ní Plymouth létí òkun lọ́dún 1939, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1963. Ilà kan ṣoṣo ni mo fi irin gbígbóná fà láti orí dé ìrù, dúdú. Ó tán.

Ìkejì jẹ́ ti màmá àgbàlagbà tó ń fọ ife àti korobá. Àwọn ife kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "ẹyin nìkan" sí lára, ọṣẹ kì í kàn wọ́n, oògùn kì í kàn wọ́n, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sì gbé ọ̀kan fi ṣe nǹkan mìíràn, màmá yìí á pè é, á sì jẹ́ kó mọ̀. Lókè ibi tí wọ́n ti ń fọ ife, àwòrán Ernest Everett Just wà lára ògiri. Adúláwọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, wọ́n bí i ní Charleston l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1883. Láti 1909 ló ti ń lọ sí Woods Hole, ibùdó ìwádìí kan létí òkun níbẹ̀, nígbà ooru, tó ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ mú ẹyin ekòló òkun tó ń jẹ́ Nereis, tó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn pé bí ife bá dọ̀tí, irọ́ ni ẹyin á máa pa fún wọn. Òun ló kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ Spingarn, èyí tí wọ́n ń fún àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ṣe bẹbẹ, lọ́dún 1915. Síbẹ̀, torí àwọ̀ ara rẹ̀, kò sí yunifásítì ńlá àwọn òyìnbó kan ní Amẹ́ríkà tó gbà á síṣẹ́. Howard, yunifásítì àwọn adúláwọ̀, ló ti ń kọ́ni. Ó dùn mí púpọ̀. Mo fín ekòló náà yí igbá ká nígbà mẹ́ta, mo sì fi fìtílà kan sí àárín, nítorí pé fìtílà ni wọ́n máa ń gbé dání lọ dè é lórí omi lóru. Omi pòròpòrò ọkà bàbà ni mo fi kùn ún, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yìí

Ó ku ti bàbá awakọ̀ ojú omi. Òun ló ń kó gbogbo ẹran náà wá, kò sì ní ọ̀kan pàtó. Àbúrò mi ní kí n fín ohun tó bá wù mí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni owó ẹyọ. Ẹran òkun lòun náà, ẹran rírọ̀ ló gbé inú rẹ̀ rí, láti Maldives ló sì ti ń wá bá wa kí ẹnikẹ́ni l'Ọ̀yọ́ tó fojú kan òkun. Ẹgbàá mẹ́wàá rẹ̀ nínú àpò kan la ṣe ń pe 20,000 ní ọ̀kẹ́ kan títí dòní. Mo fẹ́ so ogójì mọ́ etí igbá náà, nítorí pé ogójì ogójì ni wọ́n máa ń sín in sókùn nígbà ìná owó rẹ̀. Mo ti rí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rà l'Akẹ̀sán. Màmá tó ń tà á ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, òun á ti ṣa èyí tó ń dán sọ́tọ̀ dè mí.