Ìtàn ìpànìyàn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: inú ìwé ìhágún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Bí lọ́yà bá máa wà nínú ìtàn ìpànìyàn tí ẹ fi sí abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ìwé ìhágún olóògbé, ìyẹn wíìlì rẹ̀, kí ẹ tó máa wá májèlé kiri. Òfin 1837 tí wọ́n ń pè ní Wills Act ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dòní, abala mẹ́ta péré nínú rẹ̀ sì tó gbé odidi ìwé ró.

Abala 9 ló dùn ún lò jù. Ó ní kí ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, jọ wà níwájú ẹni tó ni wíìlì nígbà tó bá ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì bá sáré lọ gbé omi tíì kúrò lórí iná, tí bàbá sì fọwọ́ sí i kó tó padà, tí kò tún fi ìfọwọ́sí náà han àwọn méjèèjì pa pọ̀, wíìlì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ti àtijọ́ á dìde, tàbí kí òfin fúnra rẹ̀ pín ogún. Ẹ fi omi tíì yẹn sí orí kìíní, láàárín ọ̀rọ̀ òjò àti òdòdó. Òǹkàwé á rí i, kò ní kà á sí.

Abala 15 ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń ṣì lò. Bí ẹlẹ́rìí, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, bá wà lára àwọn ajogún, wíìlì kò bàjẹ́. Ìpín tirẹ̀ nìkan ló wọmi. Ẹ wo ohun tí sòlísítọ̀ oníjìbìtì, ìyẹn lọ́yà tó ń báni kọ wíìlì, lè fi èyí ṣe: kò jí ìwé, kò yí lẹ́tà kan padà, ó kàn pe ọkọ ajogún kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọdún ìtàn yín: láti ìgbà ẹjọ́ Ross v Caunters ní 1979, ẹni tó pàdánù ìpín rẹ̀ báyìí lè gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ sòlísítọ̀.

Abala 18 kò gba àlàyé púpọ̀: ìgbéyàwó tuntun ń pa wíìlì àtijọ́ rẹ́, àfi èyí tí wọ́n kọ nítorí ìgbéyàwó yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ kọrónà (coroner), òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú tó fura, náà ní ọdún tirẹ̀. Ṣáájú òfin 1977, àwọn júrì rẹ̀ lè dárúkọ apànìyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, rárá.

Ohun tí ibi kékeré fi ju ìlú ńlá lọ fún irú ìtàn yìí ni pé kò sẹ́ni tí kò tan mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ ka ẹjọ́ Herbert Rowse Armstrong, sòlísítọ̀ ní Hay-on-Wye lẹ́nu ààlà Wales àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n yẹgi fún ní 1922 nítorí ó fi asẹ́níkì pa ìyàwó rẹ̀. Ó ní èpò ọgbà lòun rà á fún. Ìfura kò le tó bẹ́ẹ̀ títí Oswald Martin, sòlísítọ̀ kejì nílùú náà, fi ṣàìsàn lẹ́yìn tó jẹun nílé Armstrong. Apòògùn tó ta asẹ́níkì fún Armstrong, bàbá ìyàwó Martin ni.