Kí Ẹ Tó Kó Ẹrù Sínú Áàpù, Ẹ Wo Ọ̀nà Àbájáde

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ sábà máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, áàpù wo ló dáa jù?" Èmi náà á bi yín padà: lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀, báwo lẹ ṣe máa kó ẹrù yín jáde?

Ọ̀rọ̀ Google Reader, áàpù tá a fi ń ka ohun tuntun láti oríṣiríṣi ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì lójú kan, ló kọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́gbọ́n. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì yá. Lóṣù kẹta ọdún 2013, Google kéde pé àwọn máa pa á tì. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ti wa àkójọ àwọn ojúlé tó ń kà jáde sínú fáìlì OPML, ìyẹn irú fáìlì àkójọ ojúlé tí áàpù mìíràn lè ṣí, kàn gbé e lọ síbòmíì ni. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé "ilé-iṣẹ́ ńlá ló ni ín", kò wọ̀ mí létí.

Bí mo ṣe ń dán áàpù wò nìyí. Mo máa kọ nóòtì méjì mẹ́ta sínú rẹ̀, màá wá ibi tí wọ́n kọ Export sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kó ohun tó wà nínú áàpù jáde sínú fáìlì, màá tẹ̀ ẹ́, màá sì fi áàpù mìíràn ṣí fáìlì tó bá jáde. Tí kò bá ṣí, tàbí tó ṣí tó rí wúruwùru, ó tán, mi ò lò ó. Ìdí nìyẹn tí nóòtì tèmi fi wà nínú .txt lásán, fáìlì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Kò rẹwà, mo gbà, àmọ́ kò sí kọ̀ǹpútà tí kò lè kà á. Ìṣirò owó ńkọ́? CSV, fáìlì tábìlì lásán. Ìwé tó yẹ kó pẹ́ ńlẹ̀, PDF. Láti 2008 ló ti wà lábẹ́ ìlànà ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́.

Níbi iṣẹ́, mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí áàpù. Ohun tí gbogbo ẹ̀ka ń lò ni kí ẹ lò, bó tilẹ̀ burẹ́wà. Àmọ́ ẹ má fi fọ́tò ọmọ yín tàbí ìwé ẹ̀rí yín sórí laptop ọ́fíìsì. Laptop náà kì í ṣe tiyín. Àwọn IT, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, lè jókòó síbi tí wọ́n wà kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò níbẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú: pé fọ́tò fóònù yín ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹ ní ẹ̀dà tó dá dúró. Lọ́pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ lórí fóònù, ó ti pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà nìyẹn. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà níbòmíì tí kì í ṣe ilé yín.

Tó bá kan àwọn áàpù tó ń tọ́jú password, ẹ dán Export wọn wò bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. CSV tó máa jáde kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Gbogbo password yín ló wà níbẹ̀ gbangba. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ó ṣiṣẹ́, ẹ pa á rẹ́ kíákíá, kí ẹ sì da ohun tó wà nínú Recycle Bin, ibi tí fáìlì tẹ́ ẹ pa rẹ́ máa ń lọ, náà nù.