Bí fírémù ṣe ń bá wọn dá sí ìjà

Òní Sátidé, mi ò jáde rárá, iṣẹ́ tó yẹ kí n ṣe wà níbẹ̀ tó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ìtàn kan ló dá mi dúró sídìí kọ̀ǹpútà, My Boyfriend Came Back from the War tí Olia Lialina ará Rọ́ṣíà ṣe ní 1996. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé látìgbà yẹn, títẹ̀ lẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Mo ti rí i tipẹ́, ṣùgbọ́n òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fara balẹ̀ wo bó ṣe to gbogbo ẹ̀.

Ìtàn náà fúnra ẹ̀ ò ju báyìí lọ: ọ̀rẹ́kùnrin ọmọbìnrin kan ti ojú ogun dé, wọ́n jẹun alẹ́ tán, àwọn ará ilé dìde fún wọn kí wọ́n lè ráyè sọ̀rọ̀. Ogun wo? Kò sọ. Orúkọ wọn ńkọ́? Kò sí. Ojú ewé dúdú, lẹ́tà funfun, àwòrán dúdú òun funfun tó rí wúruwùru, àwọn méjèèjì jókòó, wọn ò kọjú síra wọn. Sinimá ni Lialina ń kọ̀wé lé lórí ní Moscow kó tó kó sídìí eléyìí, ó sì hàn nínú ẹ̀, gbólóhùn kékeré, àwòrán, gbólóhùn, àwòrán, bí wọ́n ṣe ń to sinimá ayé àtijọ́ tí ò lóhùn.

Àmọ́ fírémù, ìyẹn àlà tí wọ́n fi ń pín ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan sí yàrá-yàrá tí kálukú ń ṣí tiẹ̀ lọ́tọ̀, ni baba ọ̀rọ̀ o. Netscape 2.0, buráúsà tí wọ́n fi ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì láyé ìgbà yẹn, ló gbé fírémù wọlé, nígbà yẹn tuntun ló ṣì wà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi ṣe ò ju kí wọ́n gbé mẹ́nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má kúrò níbẹ̀. Obìnrin yìí wá fi da ìjà sílẹ̀. Tó o bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, ibi tó wà nìkan ló máa yí padà, ìyókù á kàn dúró máa wò ọ́, o tún tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á pín sí méjì, ọ̀kan nínú wọn á tún pín, títí gbogbo ojú ewé á fi di yàrá wẹ́wẹ́ tí ọ̀rọ̀ há sí. Ohun tí wọ́n sọ ní yàrá yìí, yàrá kejì ò gbọ́. Kò sì kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ síwájú ọ̀rọ̀, ìwọ ni wàá máa fura pé ta ló sọ èyí.

Ibi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni mo pẹ́ sí jù. Ṣé wàá fẹ́ mi? Lọ́la. O tẹ̀ ẹ́, ó ní rárá, ó dìgbà oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ọlidé, kójú ọjọ́ náà dáa díẹ̀. Ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, èyí tó ń bọ̀ ń pa èyí tó wà ńlẹ̀ rẹ́, nítorí náà “lọ́la” yẹn, ọwọ́ ara ẹ lo fi pa á rẹ́. Nínú fírémù míì, ẹnì kan ń jẹ́wọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀rọ̀ sì já sí aládùúgbò. Tó o bá ka ìjẹ́wọ́ ṣáájú ìgbéyàwó, oṣù tó ń bọ̀ yẹn á dún bí ìyà tí wọ́n fẹ́ fi jẹ èèyàn. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó lo kọ́kọ́ tẹ̀, á kàn dà bíi pé ara ò yá ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ kan náà o, Lialina ò kọ ọ́ ní méjì!

Àwọn kan gbà pé ìtàn tó bá ní ká máa tẹ nǹkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ká lè yí ìparí ẹ̀ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀tàn ni. Èmi ò gbà. Ibi yòówù kó o gbà níbí, fírémù kọ̀ọ̀kan á ṣófo, á dúdú, kò ní síbi títẹ̀ mọ́. Ohun tó fún ẹ ni ètò tí wàá fi gbọ́ ọ, ìyẹn sì ti tó láti mú kó o gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú wọn.

Ohun tó bí mi nínú díẹ̀ ni fóònù. Mo gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù, àwọn fírémù yẹn kéré débi pé ìka mi ń tẹ méjì pọ̀, jàre mo padà sórí kọ̀ǹpútà. HTML5, ìlànà tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, gan-an ti yọ fírémù kúrò nínú ohun tó ní kí èèyàn máa lò, ṣùgbọ́n buráúsà ṣì ń ṣí i.

Lialina tún ń kó àwọn èyí tí àwọn ẹlòmíì tún ìtàn yìí ṣe jọ síbì kan, Last Real Net Art Museum ló pè é. Mo wo díẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan dáa, àmọ́ èyí tí ò bá ti níbi tó ń pín sí, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ ni, wọn ò jà.

Ó ti ń wù mí kí n dán tèmi wò, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń pín ilé bàbá wọn, kí ojú ewé máa pín bí wọ́n ṣe ń pín ilé. Ìyá wọn ni mi ò tíì mọ fírémù tí màá fi sí.