Alẹ́ tí mo gbọ́ Dante látẹ̀yìn ilẹ̀kùn

Ẹ̀wù kóòtù ni mo máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó wá gbọ́ orin ní gbọ̀ngàn kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á bọ́ ọ, màá so nọ́ńbà mọ́ ọn, màá fún wọn ní èkejì. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, oorun ni tèmi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà òtútù, ọ̀gá wa ní kí n lọ ṣọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, pé ibẹ̀ làwọn obìnrin akọrin ti máa kọrin. Akọrin tí a ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí kẹ̀? Ọ̀kan nínú wọn ní bí ẹni tó ṣe orin náà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Símfónì Dante ni, orin gígùn fún ọ̀pọ̀ ohun èlò, ti Franz Liszt, ọmọ Hungary. Dresden ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lọ́dún 1857. Òun fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀, ó sì tẹ́, torí wọn ò fi dánra wò tó. Inú ewì gígùn tí Dante ará Florence kọ ló ti fà á yọ, èyí tí Dante ti rìn la ọ̀run àpáàdì já. Wọ́n lé Dante nílùú lọ́dún 1302, kò sì padà délé títí tó fi kú. Ẹnì kan sọ fún un nínú ewì náà pé yóò mọ bí búrẹ́dì ọlọ́búrẹ́dì ṣe níyọ̀ tó, àti bí àtẹ̀gùn ilé onílé ṣe le láti gùn. (Ẹni tó bá ti háyà yàrá kan nílé ẹlòmíì ní Peckham, kò nílò àlàyé.)

Àwọn fèrè onídẹ ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n bú bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ wúwo tí wọ́n kọ sẹ́nu géètì àpáàdì: kí ẹni tó ń wọlé gbàgbé ìrètí. Ilẹ̀kùn ń gbọ̀n lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn ariwo yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá rọlẹ̀. Fèrè kan ṣoṣo ń sọ̀rọ̀, dùùrù olókùn ń tẹ̀ lé e. Francesca nìyẹn, obìnrin tí ọkọ pa nítorí arákùnrin ọkọ. Ohun tó sọ fún Dante ni pé kò sí ìrora tó ju kéèyàn máa rántí ìgbà dídùn nínú ìyà. Inú bí mi sí Liszt díẹ̀. Ìdí rèé tí n kì í fi í pe Oǹdó lọ́jọ́ ọdún gan-an. Ọjọ́ kejì ni mo máa ń pè, tí àlejò bá ti lọ.

Ó kù díẹ̀ kó parí, àwọn obìnrin náà dìde. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lára ògiri, ọwọ́ olùdarí nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Màmá kan rọra bọ́ bàtà, ó fi ìbọ̀sẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ tútù. Látìnì ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ mo gbọ́ “Magnificat”. Háà! Ọkàn mi yìn Olúwa lógo, tí à ń kọ nísìn ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa!

Liszt fẹ́ fi Párádísè kún un ni, Wagner, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tóun náà ń ṣe orin, ní kò sí ọmọ èèyàn tó lè kọ ayọ̀ ibẹ̀ lórin, ló bá fi orin yìí parí rẹ̀. Ìparí méjì ló kọ, ọ̀kan ariwo, ọ̀kan jẹ́ẹ́. Ti jẹ́ẹ́ ni wọ́n ṣe.

Kí n tó sáré dé ìdí kóòtù, èrò ti tò. Bàbá kan na nọ́ńbà sí mi, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. Mo gbé kóòtù fún un, ó wọ̀ ọ́, ó dúpẹ́. Apá rẹ̀ gùn kọjá ìka. Ó pẹ́ díẹ̀ káwa méjèèjì tó rí i pé kì í ṣe tiẹ̀.