Ẹ Dúró De Ẹ̀ẹ̀rùn Kí Ẹ Tó Gba Orúkọ Igi Lẹ́nu Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń mú ọmọ lọ wo igi ní ọgbà ìgbafẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Ìwé wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀yin ń ṣàlàyé, ẹnì kan tí ẹ ò pè á wá dúró lẹ́yìn yín, á ní irọ́ ni ẹ ń pa fún wọn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Adó-Èkìtì níbí, ó sì ṣì ń dùn mí.

Igi kan wà ní ọgbà tí à ń lọ, ó ga fíofío, ẹ̀gún bo ara rẹ̀. Ewé rẹ̀ a máa yọ ní márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje lórí ọ̀pá ewé kan ṣoṣo. Àràbà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àmọ́ àràbà tí mo mọ̀ lábúlé bàbá mi, gbòǹgbò rẹ̀ dìde bí ògiri yí ìdí rẹ̀ ká, ọmọdé méjì lè sá pamọ́ sáàárín rẹ̀. Igi ọgbà yìí kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ náà gbòòrò nídìí, ó wá mú ṣóńṣó lórí. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi àtàwọn ọmọ àdúgbò tó bá wa lọ pé pọ̀npọ̀là ni, pé ìbátan àràbà ni ṣùgbọ́n kì í ṣe àràbà.

Bàbá kan tó ń kọjá lọ ló dúró.

"Ìwọ ìyá yìí, má ba àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́ o. Àràbà nìyí! Kí wọ́n tó bí ọ ni wọ́n ti ń pè é ní àràbà."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Ìdí rẹ̀ ni mo wò, sà, àti ẹ̀gún..." Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní ìwé tí àwa ará Èkìtì kà ti pọ̀ jù, pé ẹni tí kò mọ igi ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ló ń ṣe olùkọ́. Ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí wa, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi obìnrin ti kọ "pọ̀npọ̀là" sínú ìwé rẹ̀. Ó wò mí, ó wo bàbá náà, ó mú rọ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. Ó pa á títí ìwé fi ya níbẹ̀. Kò wo ojú mi mọ́ títí a fi délé. Ẹ̀rín àwọn yẹn kò dùn mí tó rọ́bà yẹn.

Ẹ má sọ fún mi pé ó yẹ kí n fèsì. A kì í bá àgbà jiyàn níta gbangba, mi ò sì ní kọ́ ọmọ mi bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ dé, igi náà wọ́wé tán, òdòdó pupa yọ káàkiri ẹ̀ka rẹ̀. Òdòdó àràbà kì í pọ́n, funfun ràkọ̀ràkọ̀ ni. Ọmọ mi tún orúkọ náà kọ. Ó tán.

Nítorí náà, ẹ padà lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ kò bá mú nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú ìyẹn. Igi tí ẹ rí lójò, ìdajì rẹ̀ lẹ rí. Òdòdó àti èso ni yóò parí ẹjọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ igi wa ló sì jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń yọ ọ́.

Ẹ má gbára lé ewé nìkan. Ewé àràbà àti ti pọ̀npọ̀là jọra. Ìrókò kékeré, etí ewé rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Bó bá dàgbà, etí ewé náà á dán. Ẹni tó bá fi ti kékeré wá ti ńlá, ó lè kọjá lára rẹ̀. Fóònù tí ẹ fi ń wá orúkọ igi pàápàá, ewé lẹ sábà máa ń yà fún un, bí ewé bá sì jọra, kí ni kó ṣe?

Ẹ fọwọ́ kan igi. Ẹ ní kí ọmọ fi ọwọ́ ra ewé tíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á pọ́n. Igi ahùn, ewé rẹ̀ a máa tò yí ẹ̀ka ká, bí ẹ bá já a, oje funfun á yọ. Ẹ wá èso igi apá nílẹ̀: èèpo rẹ̀ le bí igi, kóró inú rẹ̀ dúdú, àwọ̀ ọsàn wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan yèrèpè tó bá so mọ́ igi o, yóò yún wọn dé alẹ́.

Ẹ bi àgbà léèrè pẹ̀lú. Mi ò kórìíra àgbà, màmá mi ló kọ́ mi ní akòko, èyí tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ lé olóyè lórí. Ohun tí wọ́n ń fi igi ṣe ni kí ẹ bi wọ́n, ibẹ̀ ni ìmọ̀ wọn ti jinlẹ̀. Orúkọ nìkan, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ bi.

Oṣù Ọ̀pẹ̀ sí Èrèlé ni kí ẹ fojú sọ́nà fún ti pọ̀npọ̀là. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, kí àwọn tó ń gbálẹ̀ tó kó òdòdó náà dànù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣa ọ̀kan tó odindi, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ tó kọ. Ẹni tó bá ṣì ní àràbà ni, ẹ ní kó wá bá yín nídìí igi náà.