Òjìji ni tàdáwà wọn

Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ mọ̀ pé igbá fúnra rẹ̀ ń ran ọ̀bẹ lọ́wọ́. Bí èèpo òde bá ti ká kúrò, funfun abẹ́ rẹ̀ á yọ, alángbá tàbí ẹja tí wọ́n fín á sì hàn láti òkèèrè. Ní Yixing, ní ìpínlẹ̀ Jiangsu nílẹ̀ Ṣáínà, àwọn tó ń fín ìkòkò tíì kò rí irú ìrànlọ́wọ́ yẹn. Àwọ̀ kan náà ni zisha, ìyẹn amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò náà, ní látòde dénú, wọn kì í sì í kun ún ní ohun dídán. Òjìji tó bá wọnú ìlà nìkan ló ń jẹ́ ká rí ọ̀rọ̀ kà.

Torí náà, etí ìlà gbọ́dọ̀ mú. Kí ìkòkò tó wọná ni wọ́n ń fín in, nígbà tó ti le díẹ̀: ìka tẹ̀ ẹ́, kò wọlé, ṣùgbọ́n èékánná ṣì lè fa ìlà sí i. Bó bá tutù jù, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, etí ìlà á wó. Bó bá gbẹ jù, á máa ré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí iṣẹ́ kò bá tán lọ́jọ́ kan, wọ́n á fi ọ̀rá wé e kó má baà gbẹ mọ́jú.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ tàbí ya ọparun sí i lára. Lẹ́yìn náà, ọ̀bẹ á dagun gba etí kan ìlà tàdáwà lọ, á tún gba etí kejì, ojú ọ̀bẹ méjèèjì á pàdé nísàlẹ̀, amọ̀ àárín á sì jáde bí okùn tín-ín-rín. Ẹ̀gbẹ́ kan á gba ìmọ́lẹ̀, ìkejì á ṣókùnkùn. Ara ìkòkò náà kò nípọn ju mílímítà mélòó kan lọ, ẹni tó bá ki ọ̀bẹ bọlẹ̀ jù á lu ú. Àwọn ọ̀gá mìíràn kì í lo tàdáwà rárá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀bẹ wọn ń kọjá. Ibi tí ikùn ìkòkò bá ti yọ ló le jù lójú tèmi: ìkòkò ni kí ọwọ́ òsì máa yí, kí ọ̀bẹ má yà.

Eérún amọ̀ ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ nù ún nígbà tó tutù, á dí ìlà pa. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a.

Chen Mansheng (1768–1822) lorúkọ rẹ̀ ròkè jù nídìí iṣẹ́ yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó sì mọ èdìdì gbẹ́. Yang Pengnian ń mọ ìkòkò, Chen àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fín in.

Nínú iléru, ooru á tó ìwọ̀n 1,100 sí 1,200 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, ìkòkò á sì sún kì tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìlà tó bá ti fún tẹ́lẹ̀ á tún fún sí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tó dáa, ẹ gbé ìkòkò náà súnmọ́ fèrèsé, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀: òjìji inú ìlà rẹ̀ á gé régé, kò ní rí jákujàku.