Ẹ Kú Ewu Tí Mi Ò Rí

Ọjọ́ kẹta tí mo padà sí Abuja láti Istanbul ni Màámi dé láti Ìwó. Kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó ti bú sẹ́kún. Mo jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ láàárín pálọ̀ mi ní Kubwa, mo wọ ṣòkòtò péńpé, ojú abẹ wà ní itan ọ̀tún, ó wà ní tòsì. Ó kúnlẹ̀, ó di orúnkún mi mú.

"O kú ewu, ọkọ mi. Ewu iná kì í pa àwòdì."

Mo ní, "A dúpẹ́, mà."

Mi ò rí ewu kankan. Ohun tí mo sọ fún un lórí fóònù ni pé ibi iṣẹ́ rán mi lọ sí Tọ́kì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pé táksí tó gbé wa lọ forí sọ ọkọ̀ mìíràn. Tọ́kì nìkan ni òótọ́ ibẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ta ilẹ̀ mi ní Lugbe, tí mo kó owó rẹ̀ fún dókítà pé kó gé eegun itan mi méjèèjì, kí n lè fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ga sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ga tó kí ẹ tó bú mi. Sẹ̀ǹtímítà 160. Ọ̀dọ̀ Màámi ni mo ti mú un, torí bí àwa méjèèjì bá dúró, ojú mi àti ojú rẹ̀ á ṣe déédéé. Ní ilé ìwé, bí tíṣà bá ní kí n dìde, tí mo bá ti dìde, á tún ní, "Ìwọ ni mò ń bá wí, dìde." Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi wá sí Abuja, mo rò pé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí mẹ́rúwà tó ń ti ọmọlanke omi kiri àdúgbò wa fi sọ mí ní Gajere, ìyẹn ènìyàn kúkúrú lédè Haúsá. Kò fi ṣe èébú o. Bó ṣe ń pe aládùúgbò mi ní Dogo torí pé ó ga náà ló ṣe ń pè mí ní Gajere, á já omi, á gba owó ẹ̀, á lọ. Èmi ni mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé tí mo máa ń gbé e sùn.

Àwọn èèyàn a máa fi òwe tù mí nínú pé kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ́ abẹ́rẹ́ títí ayé?

Iṣẹ́ abẹ ọ̀hún kì í ṣe idán. Dókítà ará Soviet kan, Gavriil Ilizarov, ló là á sílẹ̀ ní Kurgan, ní Siberia, láti bí ọdún 1950 àti díẹ̀: pé bí a bá gé eegun, tí a sì ń ya ojú rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ara á máa hu eegun tuntun sí àlàfo náà. Mìlímítà kan lóòjọ́, kò jù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá yára jù, eegun ò ní lè bá a. Bí ó bá falẹ̀ jù, ojú ibẹ̀ á ti jinná pa dé. Àwọn tí ogun àti ìjàǹbá ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́ ló ń tọ́jú. Valeriy Brumel, tó gba góòlù fífò sókè ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 1964, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ṣẹ́ nínú ìjàǹbá alùpùpù ní 1965, wà lára wọn. Irú èmi kọ́ ni bàbá náà ní lọ́kàn.

Irin tó yí ẹsẹ̀ ká níta ni bàbá náà ń lò. Tèmi kò ní irin níta. Irin tí wọ́n kì bọ inú ihò eegun ni, tí mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ara kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ kan lé itan nígbà mẹ́rin lóòjọ́. Ẹ̀rọ náà á yí irin inú lọ́hùn-ún, á fi ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà gùn sí i. Ọgọ́ta ọjọ́ ni mo fi ṣe é. Ẹ máa rò pé eegun ló ń dun èèyàn. Rárá o. Eegun gbà, iṣan ni kò gbà. Nígbà tó fi máa di sẹ̀ǹtímítà kẹrin, iṣan itan mi ti le bí awọ ìlù tí wọ́n yá níná. Tí mo bá na ẹsẹ̀, mi ò lè ká a. Tí mo bá ká a, mi ò lè nà án. Oorun di ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ní Istanbul, ẹ̀rọ agbéniròkè wà, iná kì í lọ. Òkè kejì ni ilé mi wà ní Kubwa. Mégáàdì àti mẹ́rúwà ló gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ arọ gun àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo kà á. Òógùn bo mẹ́rúwà. Ó ní, "Sannu, Gajere. Yaya jiki?" ìyẹn ni pé pẹ̀lẹ́, ara ńkọ́? Mo ní, "Da sauƙi," pé ó ti ń sàn. Ó ń béèrè lọ́wọ́ mi ní àràárọ̀ lẹ́yìn náà títí mo fi fẹsẹ̀ ara mi sọ̀ kalẹ̀, bóyá mo ra omi, bóyá mi ò rà.

Màámi ní tirẹ̀ kó Ìwó wá bá mi. Ó gbé òrí wá, ó gbé àgúnmu wá, ó ní ato-eegun kan wà nílé tí á fọwọ́ pa á tí á jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́. Eegun tuntun yẹn kò tíì le, ó rí bí àkàṣù ẹ̀kọ tí kò tíì dì, irin ló ń gbé e dúró. Ẹni tó bá fi agbára pa á lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mo ṣáà ní dókítà ò gbà. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó wá fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí oúnjẹ: ẹyin, ẹja, nónò tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, wàrà díndín lálaalẹ́. Oògùn kálísíọ́ọ̀mù mi ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Ohun tó wá fojú mi rí màbo ni ìkíni. Ọmọ Ìwó pọ̀ ní Abuja ju bí mo ṣe rò lọ. Ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá tó jẹ́ àgbà ẹgbẹ́ wa gun àtẹ̀gùn yẹn tọ̀ mí wá, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń mí gúlegúle. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Itan ò gbà. Kúnlẹ̀ pàápàá, kò ṣe é ṣe. Orí àga ni mo ti ń kírun láti oṣù mẹ́ta. Mo kàn tẹ orí ba bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá ní, "Má yọ ara ẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Ewu tó o rí ti tó."

Ó gbàdúrà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wá yọ àpòòwé kan, ó ní àwọn ará ilé dá nǹkan díẹ̀ jọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń gun kẹ̀kẹ́ Maruwa wá sí ìpàdé. Mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀ mi, mi ò sì lè ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn mọ́. Àwọn wáyà fóònù mi wà níbẹ̀. Mo lọ ra òmíràn.

Ibi físíò ni àṣírí ti kọ́kọ́ tú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ, kí wọ́n lè fa iṣan, kí n sì tún ìrìn kọ́, torí pé bí pẹ́pẹ́yẹ ni mò ń rìn, ìdí á yà sí ọ̀tún, á yà sí òsì. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Kàbbà ni a jọ máa ń dúró. Bọ́ọ̀sì tó gbé e ló dojú dé nítòsí Lokoja. Eegun ojúgun rẹ̀ fọ́, egbò rẹ̀ kẹ̀, apá kan nínú eegun náà kú. Ní ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Dala, ní Kano, ni wọ́n ti gé èyí tó bàjẹ́ kúrò tí wọ́n fi òrùka irin yí ẹsẹ̀ ká, tí àwọn wáyà tín-ín-rín gba inú ẹran kọjá bíi sípóòkì kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ bàbá Kurgan ni, ti gidi. Ó ní sípánà kékeré kan lápò. Bí a bá ń tàkúrọ̀sọ, á yọ ọ́, á wo aago, á yí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ díẹ̀, á yí ìkejì, á fi àkísà aṣọ nu ibi tí omi ti ń sun lára ihò wáyà, á dá sípánà padà sápò, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibi tó dúró sí.

Ó béèrè bí tèmi ṣe ṣẹlẹ̀, mo sọ ìtàn táksí. Mo ti mọ̀ ọ́n sọ dáadáa nígbà yẹn, mo ti fi òjò kún un. Ọjọ́ kan ló wá ní kí n jẹ́ kí òun wo ẹ́síréè tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu àìsàn eegun mọ ẹ́síréè wò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó gbé e sókè sí fèrèsé. Irin méjì, ojú ibi gígé méjì, kurukuru eegun tuntun níbi kan náà ní ọ̀tún àti òsì. Ó wò ó títí.

"Àbúrò," ó ní, "awakọ̀ yẹn mọ èèyàn gbá o. Ọgbọọgba ló gé e."

Mi ò lè sọ nǹkan kan. Ó dá fíìmù náà padà fún mi, ó ní, "Mélòó?"

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mẹ́fà ni tèmi náà," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọn ibi tí wọ́n ti gé eegun rẹ̀ kúrò. "Kí n ṣáà lè ga bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀." Kò bú mi. Ìbá bú mi ì bá sàn.

Ní ti Màámi, ṣòkòtò ló tú mi fó. Jàlámíà àti péńpé ni mo ti ń wọ̀ láti ìgbà tí mo dé. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà sí ọ́fíìsì fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ti wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo nígbà yẹn, ó lọ ṣòkòtò iṣẹ́ mi, ó bá mi wọ̀ ọ́ torí mi ò lè tẹ̀. Ó fà á sísàlẹ̀. Kò dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó tún fà á. Ó fi ìka wọn ibi tó ṣẹ́kù: mẹ́ta, ó lé díẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó gbójú sókè wò mí láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

"Ọkọ̀ tó gbá ọ ló fà ọ́ gùn?"

Mo jẹ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ àfi "oúnjẹ ti wà níbẹ̀." Mo ti múra sílẹ̀ fún ìwàásù pé ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń tún iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe. Kò wàásù. Alẹ́ ọjọ́ kẹta, a jókòó nínú òkùnkùn, iná ti lọ, ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo fún ọ ń dà ọ́ láàmú tó bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ga. Ara tèmi lo gbé." Mo ní, "Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà sì ni.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó béèrè àpòòwé. Ó ní ẹni tó rí ewu ni wọ́n fún, ṣé kò sí ẹni tó rí ewu gan-an níbi físíò yẹn? Mo gbé e fún ọmọ Kàbbà. Ó kà á, ó wò mí, ó ní, "Ṣé awakọ̀ táksí ló fi rán ẹ?" Ó gbà á ṣá.

"Àdúrà wọn ńkọ́?" mo bi Màámi nígbà tí mo délé.

"Èyí tí wọ́n ti gbà ti wọlé sí ọ lẹ́sẹ̀. Ta ló fẹ́ yọ ọ́?" Ó ń tú etí ṣòkòtò mi nígbà yẹn, ó fi eyín já òwú. Télọ̀ ti máa ń ká a sínú fún mi tipẹ́, aṣọ pọ̀ níbẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo sìn ín dé gáréèjì Jabi. Mo ti ń rìn láìmú ọ̀pá, pẹ́pẹ́yẹ náà ti ń fi mí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe láti kékeré, bó bá ń lọ, mo máa ń kúnlẹ̀, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á súre. Mo gbìyànjú. Orúnkún dé ìdajì, itan kọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba, ó dá mi dúró.

"Mi ò ní máa nà gùn kí n tó súre fún ọmọ mi."

Ó yíjú, ó di ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì mú, ó gun ìgbésẹ̀ kìíní, ó wò ó pé kò tíì tó, ó gun ìkejì. Ó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí láti ibẹ̀, kò yára rárá, awakọ̀ ń fọn fèrè, èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká wọlé."